Ìlà Karùn-ún Lójú Pátákó

Adétóun Lásúnkànmí ti kúnlẹ̀ tán kó tó rántí pé síkẹ́ẹ̀tì tí òun wọ̀ kò gba ìkúnlẹ̀. Ó gbọ́ tí òwú já lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, àyà rẹ̀ sì já pẹ̀lú òwú náà. Kò sí bó ṣe lè fọwọ́ kan ibẹ̀ lójú àwọn mẹ́ta tó jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ káàárọ̀ mà," ó sì tẹjú mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

"Dìde, kó o jókòó," ni èyí tó wà láàárín wọn sọ.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyọnu nìyẹn, ọmọ Ìpẹ̀rú, ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Irun rẹ̀ ti funfun, ó sì wọ súẹ́tà nínú oṣù kẹta tí ooru ń han gbogbo Rẹ́mọ léèmọ̀. Ara rẹ̀ le koko o. Ògiri kan péré ló wà láàárín ibi tí wọ́n jókòó sí àti yàrá tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wà, otútù ni wọ́n sì fi ń tọ́ ẹ̀rọ ọ̀hún bí ọmọ ọba. Eruku kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Fàsásì tó ń bójú tó ẹ̀rọ ló ń gba àwọn tó wá fún ìntáfíù lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ fún wọn pé, "Ẹ bọ́ bàtà yín síbí. Ẹ sáà ṣe é bíi mọ́sálásí." Bí Adétóun ṣe jókòó yìí, ẹsẹ̀ lásán ni, otútù ilẹ̀ sì ń gun orúnkún rẹ̀ bọ̀.

Ọdún 1979 ni. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n wà yìí kò jìnnà sí Ṣàgámù, oúnjẹ adìyẹ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọ́n ń dì í sápò, wọ́n ń kó o lọ sí gbogbo ilẹ̀ yìí. Ó ní orúkọ gígùn kan lójú pátákó ẹnu géètì, ṣùgbọ́n Kọ́ńpìnnì ni gbogbo wa ń pè é, àfi bíi pé kò sí òmíràn láyé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń já ọmọbìnrin yìí láyà, kí ẹ má baà pè é ní ojo. Ọdún méjì ló fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá: bí èèyàn ṣe ń to àṣẹ ní ìlà-ìlà tí ẹ̀rọ á fi mọ ohun tí yóò ṣe. Nígbà tó parí, iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama kan n'Ípẹ̀rú ló rí. Láti ìgbà náà, kò fojú kan kọ̀ǹpútà mọ́. Ó máa ń kọ àṣẹ sẹ́yìn ìwé ìdánwò àwọn ọmọ, á wá fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ, á máa tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì ìjẹun títí ìyá rẹ̀ á fi ní kó gbé ìwé rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó ti lọ ṣe ìntáfíù lẹ́ẹ̀mejì l'Ékòó. Níbi àkọ́kọ́, wọ́n ní kì í sọ̀rọ̀ sókè. Níbi kejì, wọ́n bi í bóyá ọkọ rẹ̀ á gbà kó máa ṣiṣẹ́ alẹ́, nígbà tí kò tíì ní ọkọ. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní kíláàsì, àṣẹ kan tó mọ̀ dunjú ní Yábàá sá mọ́ ọn lórí, ẹ̀rù sì bà á débi tó fi jókòó lójú àwọn ọmọ. Ẹ̀rọ tó wà ní Kọ́ńpìnnì yìí nìkan ló mọ̀ ní gbogbo Rẹ́mọ. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, ohun tó kọ́ á kú sínú rẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Tíṣà Lásúnkànmí, náà mọ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà n'Íkẹ́nnẹ́ ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kíkọ́ kò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìntáfíù, ó gbé àga sí pálọ̀, ó fa gíláàsì sójú, ó sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá Kọ́ńpìnnì. Ó ní kí Adétóun jáde, kó tún wọlé, kó kúnlẹ̀. Ó tún ní kó jáde, nítorí pé ìkúnlẹ̀ yẹn yá jù.

"Bí àgbà bá sọ̀rọ̀, kí lo máa wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bí èrò tìrẹ bá yàtọ̀ ńkọ́?"

"Màá fi sínú, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ìyá rẹ̀ ń ṣa obì níkọ̀ọ̀kan sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, nítorí ọjọ́ kejì ló fẹ́ kó o lọ fún àwọn Gàm̀bàrí tó ń rà á ní Sábó. Kò gbójú sókè. "Bó bá fi gbogbo rẹ̀ sínú," ló ní, "kí ni wọ́n á wá rí fi gbà á síṣẹ́?" Tíṣà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ti mọ̀ ọ́n ṣe, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn gbé.

Ní Kọ́ńpìnnì, Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyọnu fi ṣọ́ọ̀kì nàka sí pátákó dúdú tó wà lára ògiri. Ìlà mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ṣàlàyé pé òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, wọ́n á lu ihò sí i láti fi iye àpò tó dì lọ́jọ́ kan hàn. Ẹ̀rọ á ka àwọn káàdì yìí, á sì ro gbogbo àpò pọ̀.

Adétóun kà á. Ìlà kìíní: àròpọ̀ di òdo. Ìlà kejì: ka káàdì kan. Ìlà kẹta: bí káàdì bá ti tán, lọ sí ìlà kẹfà. Ìlà kẹrin: fi iye orí káàdì kún àròpọ̀. Ìlà karùn-ún: padà sí ìlà kìíní. Ìlà kẹfà: tẹ àròpọ̀ jáde.

Ó tún ìlà karùn-ún kà. Ibi ìlà kejì ló yẹ kí ẹ̀rọ padà sí, láti ka káàdì mìíràn. Bó bá padà sí ìlà kìíní, òdo ló máa sọ gbogbo ohun tó ti rò. Bí ìyá rẹ̀ bá ń da obì inú apẹ̀rẹ̀ nù ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ ṣa ẹyọ kan sí i, apẹ̀rẹ̀ náà kò ní kún láéláé. Gbogbo òṣìṣẹ́ Kọ́ńpìnnì lè ṣiṣẹ́ dọ́jọ́ alẹ́, òdo ni ẹ̀rọ á tẹ̀ jáde.

"O ti rí i?" ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyọnu bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Á ro gbogbo àpò pọ̀, àbí?"

Ọkùnrin tó wà lápá òsì ń wo ojú fèrèsé. Obìnrin ọ́fíìsì ìgbanisíṣẹ́, tó wà lápá ọ̀tún, gbé bírò sókè, ó ń retí ìdáhùn. Adétóun wo irun funfun orí ọkùnrin yìí. Ó wo ìka rẹ̀ tí ṣọ́ọ̀kì ti kùn lẹ́fun. Èèyàn wo ló máa la ẹnu sọ lójú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ bàbá yìí pé ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò tọ̀nà? Ọmọ ta ni? Ẹnu rẹ̀ dáhùn kó tó ronú tán.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó tọ́, sà."

"Ó dára. Máa lọ, a ó ránṣẹ́ sí ẹ."

Ó tún kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó jáde. Àwọn mẹ́rin mìíràn wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo ojú rẹ̀ bóyá àwọn á rí nǹkan kà níbẹ̀. Fàsásì na bàtà rẹ̀ sí i. Ó wọ̀ ọ́, ó fi báàgì bo ibi tí síkẹ́ẹ̀tì ti ya, ó sì gba ọ̀nà géètì lọ.

Kò dé géètì. Lábẹ́ igi dongoyárò kan tí àwọn awakọ̀ máa ń sinmi sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó ti ṣe ohun tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ, ó sì ṣe é dáadáa, kí ló wá dé tí ara rẹ̀ kò balẹ̀? Nígbà tó yá, ó rí i kedere. Ọdún méjì ló ti ń ṣàárò iṣẹ́ yìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbé e sí iwájú rẹ̀, tí ó rí ibi tó ti wọ́, ó ní ó tọ́. Bí wọ́n bá gbà á báyìí, irọ́ ni wọ́n á fi gbà á, irọ́ náà ni á sì máa pa títí. Bí wọn kò bá sì gbà á, á kú sí kíláàsì pẹ̀lú ìmọ̀ pé òun rí i, òun sì dákẹ́. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ìbínú ni.

Ó padà.

"Sìstá," ni Fàsásì wí, "wọ́n ti ṣe tìẹ tán o."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó bọ́ bàtà. Ẹni tó tẹ̀ lé e ń jáde bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n ti yìn, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì sì ń wo Adétóun bí ẹni tí orí rẹ̀ dà rú. Ó kan ilẹ̀kùn. Kò dúró kí wọ́n dá a lóhùn, torí ó mọ̀ pé bóun bá dúró, òun á sá. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, òwú yòókù já.

"Ẹ dárí jì mí, sà. Ẹ bi mí bóyá ó tọ́, mo ní ó tọ́. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ìlà karùn-ún, sà. Bó bá padà sí ìlà kìíní, á da gbogbo ohun tó ti rò nù. Òdo ni á tẹ̀ jáde."

Ọkùnrin tó ń wo ojú fèrèsé yíjú sí pátákó. Bírò obìnrin náà dúró. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyọnu rọra yí àga rẹ̀ padà, ó wo ìlà karùn-ún, ó wò ó pẹ́. Láti ilẹ̀ tí Adétóun wà, etí rẹ̀ nìkan ló rí, ó sì rí i tí etí náà ń pọ́n.

"Jáde," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyọnu wí, kò sì wẹ̀yìn.

Bó ṣe dé ilé ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ì bá kúkú má sọ ọ́. Tíṣà Lásúnkànmí bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì fi èdè Rẹ́mọ tí kì í sọ fún ọmọ bá a wí, èyí tó ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti olùkọ́. Ó já àgbà nírọ́! Lójú ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀! Lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀! Ọmọ Ìpẹ̀rú tó jẹ́ pé bí Tíṣà bá lọ síbẹ̀ ṣe ìpàdé ìjọ, àfàìmọ̀ kí wọ́n má jókòó sórí àga kan náà! "Báwo ni mo ṣe máa wo ojú rẹ̀?" ló ń bi gbogbo ilé. Ìyá ní tirẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ obì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó mú síkẹ́ẹ̀tì, ó wá abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an.

Ọ̀sẹ̀ ń lọ, ọ̀sẹ̀ ń bọ̀, Kọ́ńpìnnì kò fọhùn. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu Adétóun mọ́. Bí mọ́tò bá dúró níwájú ilé ẹ̀kọ́, á dákẹ́ láàárín ìṣirò, àwọn ọmọ á máa wojú rẹ̀. Ó gbọ́ pé wọ́n ti gba ẹnì kan, ó tún gbọ́ pé wọn kò tíì gba ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ kò lọ ṣe ìpàdé ìjọ tó kàn. Ó ní orúnkún ń dun òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Fàsásì fúnra rẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ó ti ń rẹ́rìn-ín látọ̀nà jíjìn, kò lè pa á mọ́ra. "Sìstá," ló ń ké, "ẹ lọ ra súẹ́tà!"

Bó ṣe wọ Kọ́ńpìnnì nìyẹn. Ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, Bàbá ni wọ́n ń pe Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyọnu. Bó bá ń kọjá, gbogbo wọn á dìde. Bó bá kọ àṣẹ, wọ́n á gbé e fún ẹ̀rọ bó ṣe kọ ọ́, bí kò bá sì ṣiṣẹ́, wọ́n á ní ẹ̀rọ ni kò gbádùn. Bàbá kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ìntáfíù yẹn rí. Ṣùgbọ́n láti ọdún yẹn, ní gbogbo ìntáfíù ẹ̀ka náà, ó máa ń fi àṣìṣe kan sójú pátákó, á ní ìdánwò ni, òun fẹ́ mọ ẹni tó lójú. Àwọn ọ̀gá l'Ékòó gbọ́, wọ́n yìn ín. Ó di àṣà Kọ́ńpìnnì. Àwọn ọmọ Rẹ́mọ sì ń wá, wọ́n ń rí i, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń ní "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," wọ́n ń lọlé.

Lọ́dún 1986 tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó pe Adétóun wọ ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn.

"Kì í ṣe ìdánwò," ló ní.

"Kí ni, sà?"

"Ìlà karùn-ún ọjọ́ ìntáfíù rẹ. Mo kánjú kọ ọ́ ni. N kò mọ̀ pé mo ṣì í. Nígbà tó o jáde, àwọn méjèèjì ń wò mí. Mo ní, 'Ẹ ò rí i, ìdánwò ni, òun nìkan ló tíì yege.'" Ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Látìgbà náà ni mo ti ní láti máa fi àṣìṣe síbẹ̀, kí irọ́ mi lè dúró. Ojú tì mí débi pé ó ku díẹ̀ kí n má gbà ẹ́."

Adétóun fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́ sunkún. Ohun tó sọ ni, "Ẹ ṣeun, sà." Nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó bínú díẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí kò lè jẹun yẹn, kí ìtìjú ọkùnrin yìí rọlẹ̀ ló ń dúró dè.

Òun ni wọ́n fi jọ̀gá ẹ̀ka náà lẹ́yìn rẹ̀. Òun náà ń kọ ìlà sójú pátákó, ó fi àṣìṣe ìlà karùn-ún sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ló mú wá. Bí ẹni tó wá fún ìntáfíù bá jáde, kì í jẹ́ kí wọ́n tètè pe ẹlòmíràn, kì í sì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn pa dé. Á jókòó, á máa fetí sí ẹsẹ̀ lásán tó ń lọ, bóyá á padà. Àwọn méjì tó ń bá a jókòó rò pé ìsinmi ló ń gbà. Wọn kò mọ̀ pé bí wọ́n ti ń sinmi, ọkàn rẹ̀ ń lù kì-kì-kì.

Lọ́dún 1988, ọmọbìnrin kan wá láti Ìrolù, Ọmọ́yẹni lorúkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, kò sì gbójú sókè. Lọ́jọ́ náà, pátákó ń bèèrè iye àpò tó kan òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá pín in dọ́gba: ẹ̀rọ á ro àpò pọ̀, á sì pín in fún iye káàdì tó kà. Ojú ọmọ náà dé ìlà karùn-ún, ó dúró díẹ̀, ó kọjá. Adétóun rí i.

"Ó tọ́, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó tọ́, mà."

Ó jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ títí, Adétóun kò gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjèèjì na ara, ó ní kí àwọn pe ẹni tó kàn. "Ẹ fún un láyè díẹ̀," ni Adétóun wí. Ó ń bẹ Ọlọ́run fún ọmọ tí kò mọ̀ rí.

Ẹsẹ̀ náà padà. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó kan ilẹ̀kùn. Ọmọ́yẹni wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, mà. Ìlà karùn-ún kò dára. Ìlà kejì ló yẹ kó padà sí."

Ayọ̀ kún inú Adétóun débi pé ó ti fọwọ́ kan tábìlì láti dìde.

"Ó tún ku ọ̀kan, mà," ni ọmọ náà wí. "Ìlà kẹfà, níbi tó ti ń pín in. Bó bá di ọjọ́ ìsinmi, tí ẹnì kankan kò wá síṣẹ́, kò ní sí káàdì kankan, mà. Òdo ni á fẹ́ fi pín in. Kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe é. Á dá iṣẹ́ dúró ni."

Adétóun wo ìlà kẹfà. Kò mọ̀ọ́mọ̀ fi ìyẹn síbẹ̀. Kò fi í ṣe ìdánwò fún ẹnikẹ́ni, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ooru gun ọrùn rẹ̀ dé etí nínú gbogbo otútù yẹn. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ti yíjú sí i. Ọmọ wo ló ń kàn án lábùkù báyìí, lójú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti wà lẹ́nu rẹ̀, "Jáde," ó sì mọ bó ṣe ń dún létí ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ sí.

"Mà," ni ọ̀kan nínú wọn bi í jẹ́jẹ́, "ìyẹn náà wà lára ìdánwò ni, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" péré ló máa sọ, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ látìgbà tó ti gbọ́njú ni.

"Rárá," ni Adétóun wí. "Èmi ni mo ṣì í. N kò sì rí i títí tó fi sọ ọ́."

Ọmọ́yẹni ṣì kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, ó káwọ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń retí kí wọ́n lé òun jáde.

"Dìde," ni Adétóun wí, ó sì na ṣọ́ọ̀kì sí i.